Ẹ Ṣe Onídùúró fún Wọn

Ẹ̀yin bàbá onílé, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ariwo ẹ̀rọ yín kì í dákẹ́ láti Bajulaiye ní Ṣómólú títí dé Onípánù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bàríga, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, n kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Àwọn ìdílé tí ogun lé kúrò nílé ń wọ Èkó. Àwọn kan ti Borno wá, àwọn kan ti Benue, àwọn mìíràn sọdá ẹnu ibodè láti Cameroon tàbí kí wọ́n ti Congo wá. Àdúgbò bíi tiwa ni irú wọn máa ń wá yàrá sí, torí owó ilé Lẹ́kí àti Ìkòyí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè gbọ́ sétí. Ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe pé kí ẹ kó àpò ìrẹsì wá. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ṣe onídùúró fún wọn.

Ẹ mọ bí Èkó ṣe rí. Ta ló ń rí yàrá gbà láìní onídùúró? Ta ló ń gba ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ láìrí ẹni tó mú un wá? Bí èèyàn bá fẹ́ yáwó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n á ní kó mú ẹni méjì wá tó máa fọwọ́ síwèé fún un. Ìyá tó ń ta tòmátì pàápàá kì í ta àwìn fún ẹni tí kò mọ̀. Àwa tí wọ́n bí síbí, tàbí tí a ti pẹ́ níbí, kì í tiẹ̀ rántí pé à ń lo onídùúró lójoojúmọ́, torí pé àbúrò bàbá wa kan wà, ìyá ìjọ kan wà, ọ̀gá wa àtijọ́ kan wà tí a lè nawọ́ sí. Ẹni tí ogun lé dé kò ní ìkankan nínú wọn. Ní tèmi o, ìyẹn ń jẹ wọ́n níyà ju àìlówó lọ.

Ká ní bàbá kan láti Bamenda ní Cameroon ń wá yàrá kan ṣoṣo nínú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ. Ajẹ́ńtì mú un wọlé, bàbá onílé jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀. Níbo lo ti wá? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ọmọ mélòó lo ní? Ó fi Píjìn dáhùn pé Bamenda lòun ti wá, tíṣà lòun nílé, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún òun. Bàbá onílé mi orí, ó wá bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n ní Ṣómólú níbí. Ẹnu rẹ̀ wọhò. Owó ilé ọdún kan wà lápò rẹ̀, ó ti ronú bó ṣe máa rí ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kò rí ẹni kan tí orúkọ rẹ̀ lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá onílé náà kì í ṣe ìkà. Ayálégbé kan ti sá mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, ó fi gbèsè iná mànàmáná sílẹ̀ fún un. Ó ní òun máa ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, yàrá ti di ti ẹlòmíràn.

Bí ọ̀kan nínú wa bá wà níbẹ̀ tó sọ pé, "Bàbá, mo mọ̀ ọ́n, ìjọ kan náà la jọ ń lọ, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣẹlẹ̀ ẹ wá bá mi," ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Kò ní ná onítọ̀hún ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tí à ń sọ. Láti 2009 ni Boko Haram ti ń tú àwọn ará ìlà oòrùn àríwá ká. Ní Benue, àwọn tó ń kọ lu abúlé lóru ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ẹni tó ń sùn sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ àti sí àgọ́. Ní Cameroon, àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀hónú hàn ní 2016. Kí 2017 tó parí, ó ti di ìbọn àti iná. Àjọ UNHCR ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka àwọn asásálà tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá sí Nàìjíríà sí ẹni tó lé ní 100,000, àwọn ará Cameroon ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sá kúrò nílé wọn lọ sí ibòmíràn nínú orílẹ̀-èdè yìí lé ní 3,000,000. Àwọn ará Ogoja ní Cross River, níbi tí àgọ́ Adagom wà, ń gbé ẹrù tó wúwo. Ìba díẹ̀ ló ń dé Èkó. Èyí tí mo ní ká bá wọn gbé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ogoja.

Wọn kì í ṣe ẹni tó yọ́ wọlé. Ẹni tó ti Borno tàbí Benue wá, ọmọ Nàìjíríà ni. Abala 41 ìwé òfin 1999 sọ pé ibi tó bá wù ú ló lè gbé. Ẹni tó ti òkèèrè wá, àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ọ̀rọ̀ asásálà dáàbò bò ó, ti àjọ OAU ilẹ̀ Áfíríkà ní 1969 náà dáàbò bò ó, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí méjèèjì. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tiẹ̀ wà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, òfin ọdún 1989 ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá èèyàn gba yàrá ní Bajulaiye. Aládùúgbò ló ń bá èèyàn gbà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kàn wá nínú ogun àwọn ará ibòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò. Ní 1830, abẹ́ Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn lọ. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, Abẹ́òkúta yẹn náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó yè sá lọ, àwọn tí ogun lé dé tẹ́lẹ̀ ló sì gbà wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 1867, ìjà dé láàárín Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Àwọn ará ìlú dìde sí àwọn òyìnbó ajíhìnrere, wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ìfọ́lé ni ìtàn ń pè é. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí. Gómìnà Glover, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Gólóbà, fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, wọ́n la òpópónà síbẹ̀, wọ́n pín in fún wọn, wọ́n kọ́lé. Ẹ wo Ẹ̀bútè Mẹ́ta lónìí. Ẹ̀ẹ́ wọ mọ́tò láti ibi tí ẹ wà débẹ̀, ẹ ò ní jókòó pẹ́. Ta ló ń pe ọmọ Ẹ̀bútè Mẹ́ta ní ogunléńdé? Ẹni tó ní àṣẹ ló dúró fún wọn lọ́jọ́ tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ tí wọ́n sì gbà lọ́jọ́ náà ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ń gbé.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ti Gánà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀fà, tí wọ́n ti pẹ́ ní Kùmásí àti Àkúrá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń sọ Twi ju Yorùbá lọ. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹbí ló fún wọn ní yàrá, ẹbí ló bá wọn wá ìsọ̀ lọ́jà. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, nígbà tí ìjà darandaran gbóná ní Yéwà, orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn ará abúlé kan láti ìhà Ẹ́gùá sá lọ. Yorùbá sá fún ìbọn, wọ́n sọdá ibodè, wọ́n sì di asásálà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

N kò ní fi ti 1983 pamọ́. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan ará Gánà tó di ẹrù wọn. Báàgì aláǹkálà tí wọ́n dì í sí, Gáná-Mọ́ọ̀sì-Gò, ṣì ń tà ní gbogbo ọjà Èkó. A ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí wa. Kò yẹ kí á tún un ṣe, kódà lọ́nà kékeré, kódà ní ẹnu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ àgọ́ Oru ló jẹ́ kó dá mi lójú pé àdúgbò dára ju àgọ́ lọ. Nígbà tí ogun Liberia bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 1989, àwọn ará ibẹ̀ wá sí Nàìjíríà, àwọn ará Sierra Leone tẹ̀lé wọn, wọ́n sì ṣe àgọ́ fún wọn ní Oru, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó di ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ náà dàgbà sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2007, Nàìjíríà, Liberia, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR ṣe àdéhùn pé àwọn tó bá fẹ́ dúró lè gba ìwé ìgbélùú ECOWAS, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS yòókù. Àdéhùn tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ó ti lé ní ọdún 15 tí wọ́n ti dé. Àgọ́ ń bọ́ èèyàn, kì í sọ èèyàn di ará ìlú. Ohun tó ń sọ ni di ará ìlú ni pé kí ẹnì kan mọ orúkọ ẹni, kí ó mọ ibi tí ẹni ń ṣiṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ẹni ń lọ.

Nítorí náà, báwo la ó ṣe ṣe é? Ọ̀rọ̀ ilé ló kọ́kọ́ wà níwájú. N kò sọ pé kí ẹnì kan ṣoṣo fi orí ara rẹ̀ wewu. Ẹ kó ara yín jọ, ẹni márùn-ún, láti inú ìjọ kan, láti mọ́ṣáláṣí kan, tàbí láti inú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ jọ fọwọ́ síwèé fún ìdílé kan fún ọdún kan. Bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò kan olúkúlùkù, ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí bàbá onílé rí i. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má gbàgbé òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011: ẹ kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ilé tuntun. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Ṣómólú, kò yọ Bàríga. Ẹni tó bá ń béèrè owó ọdún méjì lọ́wọ́ opó tó ti Benue wá, òfin ló ń rú.

Ilé kò tó bí kò bá sí iṣẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dùn mọ́ mi nìyí, torí pé iṣẹ́ wà ládùúgbò wa. Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó ti ń jáde: kàlẹ́ńdà ìparí ọdún, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé àdánwò, pósítà olóṣèlú. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń ṣe èyí tó kù. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń tò ó: òkìtì ojú ìwé lórí tábìlì gígùn, ojú kìíní síbí, ojú kejì sọ́hùn-ún, òṣìṣẹ́ á máa rìn yí tábìlì ká, á máa ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbún un sórí tábìlì kó lè dọ́gba, á gbé e fún ẹni tó ń lu pín-ìnnì. Iṣẹ́ yìí kò nílò ìwé ẹ̀rí, kò nílò kí èèyàn gbọ́ Yorùbá. Ìyá tó ń gbọ́ Kanuri nìkan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, kó gba owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ìtẹ̀wé, bí iṣẹ́ bá di kíákíá, tí ẹ ń wá ọwọ́, ẹ rántí wọn. Ẹ sì jọ̀wọ́, iye tí ẹ ń san fún àwọn yòókù ni kí ẹ san fún wọn. Ẹni tí kò rí ibi rojọ́ ni wọ́n máa ń rẹ́ jẹ.

Ọ̀rọ̀ owó tún kù díẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò ní tíì yá wọn lówó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n alájọ kì í béèrè onídùúró, torí owó ẹni lẹni ń dá. Ẹ fi wọ́n hàn alájọ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ti dá àjọ déédéé fún oṣù díẹ̀, káàdì àjọ wọn náà á di ẹlẹ́rìí wọn.

Ọmọ wọn ńkọ́? Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 ní kí ọmọ lọ sílé ìwé ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, àdéhùn 1951 sì ní bí a ṣe ń ṣe sí ọmọ onílé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ká ṣe sí ọmọ asásálà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá á dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, wọ́n á bi í léèrè ìwé ọjọ́ ìbí tó ti jóná mọ́lé, á sì padà. Kí ọ̀kan nínú yín bá a lọ. Kí ẹ rọ ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n má fi ọmọ ọdún 12 tó ti ka ìwé dáadáa lédè Faransé sí kíláàsì kìíní, kí àwọn ọmọdé máa fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ mú wọn dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì bá wọn béèrè bí wọ́n ṣe lè wọ ètò Ìlera Èkó.

Nǹkan kan wà tí ń bí mi nínú, màá sì sọ ọ́. Àwọn kan á wá bá ìyá tó ń jìyà, wọ́n á ní kó fún àwọn ní ọmọbìnrin rẹ̀, àwọn á "ràn án lọ́wọ́", àwọn á rán an nílé ìwé. Ọmọ á di ọmọ ọ̀dọ̀, á máa jí láago mẹ́rin, á máa kiri ọjà, kò ní rí ilé ìwé. Ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, ìwà ọ̀daràn ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà ní Èkó láti 2007, àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò sì wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, ẹ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọmọ lè máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ fi ọ̀nà hàn wọ́n: ibi tí omi wà, ọjọ́ ìmọ́tótó, ẹni tó ń gba owó iná, ibi tí danfó Yábàá ti ń gbé èrò, àwọn ọmọ àdúgbò tí kò yẹ kí wọ́n bá rìn lóru. Àwọn ará Bamenda gbọ́ Píjìn, wọ́n á tètè mojú ọjà. Èyí tó gbọ́ Faransé nìkan, a ní Ègùn, a ní ará Kùtọnu àti Tógò láàárín wa, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ògbufọ̀. Bí àwọn ará Bamenda bá se fùfú àgbàdo àti ẹ̀fọ́ njama-njama tiwọn, tí wọ́n bù fún yín, ẹ jẹ ẹ́. Kí ẹ sì má bi wọ́n ní ìtàn ogun lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tó rí i tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tún un rò fún olúkúlùkù tó bá gbé abọ́ ọbẹ̀ wá. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́ nígbà tó bá yá.

Ẹ̀rù tó ń bà wá ńkọ́? Mo gbọ́ ọ: "Ta ló mọ̀ bóyá òun gan-an ni apànìyàn?" Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ béèrè ìwé wọn. Ẹni tó ti òkèèrè wá tó sì ti forúkọ sílẹ̀ máa ń ní ìwé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí alága àdúgbò mọ̀ wọ́n, kí orúkọ gbogbo ará ilé wà lákọsílẹ̀. Onídùúró gan-an ni ààbò àdúgbò: ìdílé tí ẹni márùn-ún ń bẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a lé sẹ́yìn, tó ń sùn sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àdúgbò ní Bajulaiye, ní Ìlàjẹ Bàríga, ní Fọlá Àgọrò àti ní Akọka, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ ó jíròrò ní ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ wá ìdílé kan ṣoṣo, ẹ wá ẹni márùn-ún tí yóò dúró fún wọn. Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo, kí ó sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́, kí ó sọ iye tó máa san. Kí ẹni márààrún kọ orúkọ wọn síwèé kí ìpàdé tó tú ká.